Nígbà Tí Ẹ̀dà Tuntun Bá Yí Èsì Padà: Àgbéyẹ̀wò Lórí Sọ́fítíwíà Tó Ń Ṣírò Omi Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Láti ọdún 2013 ni NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò ní Nàìjíríà, ti ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún. Ìwé náà máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yẹ kí wọ́n tètè múra, ó sì máa ń sọ ìgbà tí ewu lè dé. Ẹni tó bá rí orúkọ àdúgbò rẹ̀ níbẹ̀ lè má mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni òjò ọdún náà ti kọ́kọ́ rọ̀. Sọ́fítíwíà bíi SWAT àti GeoSFM ló ń gba iye òjò, irú erùpẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ga sí àti ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń ṣírò iye omi tí yóò wọ inú odò.

Sọ́fítíwíà wọ̀nyí kì í dúró sójú kan. SWAT, tí Jeff Arnold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlú Temple, ìpínlẹ̀ Texas, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ti gba SWAT2000, SWAT2005, SWAT2009 àti SWAT2012 kọjá kó tó di SWAT+. Láàárín ẹ̀dà ńlá kan sí èkejì, àtúnṣe kéékèèké wà lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́mbà tirẹ̀. Kí ni èèyàn yóò wá ṣe bí ẹ̀dà tuntun bá gba òjò kan náà, ilẹ̀ kan náà àti odò kan náà, tó sì mú èsì tó yàtọ̀ jáde, tó sì jẹ́ pé èsì àtijọ́ ló sún mọ́ ohun tí ojú rí jù?

Ìfàsẹ́yìn nìyẹn: ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Káàkiri àgbáyé, àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ìṣírò ti ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ padà sínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ títí wọn yóò fi mọ ọjọ́ tó wọlé àti ìlà tó gbé e wọlé. Ọgbọ́n náà kò ṣòro láti kọ́. Ohun tó nílò ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí ẹnì kan ti tọ́jú ohun àtijọ́ sílẹ̀: ẹ̀dà sọ́fítíwíà, dátà tí a fi bọ́ ọ, àti èsì tó mú jáde. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ kù sí fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wo omi etí ọ̀sà Èkó.

Ilẹ̀ tí àṣìṣe kékeré ti ń di ńlá

Odò Ògùn ń ti ìhà Ṣakí bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń tú sínú ọ̀sà Èkó nítòsí Májídùn àti àwọn àdúgbò tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Orí ẹ̀ka rẹ̀ kan, odò Ọyán, ni dáàmù Ọyán wà. Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i, ó sì lè gba mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà omi. Bí òjò bá pọ̀, tí dáàmù sì ń tú omi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ní apá Ẹ̀pẹ́, odò Ọ̀ṣun ló ń ṣàn wọ ọ̀sà Lekki, tí ojú omi rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 247, tí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò sì jìn. Ọ̀sà méjèèjì so pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì ń gbọ́ mímì òkun láti ẹnu ọ̀nà Èkó.

Ilẹ̀ etí omi yìí tẹ́jú. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ló lè wà láàárín yàrá gbígbẹ àti yàrá tí omi ti kan ibùsùn. Lórí òkè Èkìtì, bí àwòṣe, ìyẹn ìṣírò tí sọ́fítíwíà fi ń ṣàfarawé odò, bá fi ìdajì mítà ṣi gíga omi sọ, ó lè má kan ilé ẹnì kankan. Ní Májídùn tàbí ní abúlé apẹja lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ìdajì mítà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀dà tuntun bá yí gíga omi padà díẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò ó.

Kì í ṣe gbogbo ìyípadà ni àṣìṣe

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tọpasẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé èsì tó yàtọ̀ lè wá láti orísun mẹ́ta ó kéré tán. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà náà dìídì yí nǹkan padà. Ó lè jẹ́ àṣìṣe gidi. Ó sì lè jẹ́ pé àṣìṣe méjì ló ti ń pa ara wọn rẹ́ tẹ́lẹ̀, tí àtúnṣe wá mú ọ̀kan kúrò, tí èkejì sì hàn síta.

Ti àkọ́kọ́ wọ́pọ̀. WRF, àwòṣe ojú ọjọ́ tí ibùdó NCAR ní Amẹ́ríkà ń darí, tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ń lò, gbé ẹ̀dà 4.0 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Nínú ẹ̀dà yẹn, wọ́n yí ohun méjì padà lára ìpinnu tí sọ́fítíwíà máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí aṣàmúlò kò bá sọ nǹkan kan: bó ṣe ń to ìpele afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀ dé òkè, àti bó ṣe ń ka ọ̀rinrin mọ́ ìgbóná afẹ́fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lo ẹ̀dà 3.9, tó sì gbé fáìlì rẹ̀ bọ́ sínú 4.0 láìfọwọ́ kan nǹkan kan, yóò rí òjò tó yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ba nǹkan jẹ́. Inú ìwé àlàyé ẹ̀dà ni ìdáhùn wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

GloFAS, ètò ìkìlọ̀ omíyalé àgbáyé tí ilẹ̀ Yúróòpù ń ṣe lábẹ́ Copernicus, fi bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tí ẹ̀dà 4 rẹ̀ dé ní oṣù keje ọdún 2023, àpótí tó fi ń pín ilẹ̀ ayé kéré sí i, láti nǹkan bíi kìlómítà 11 sí nǹkan bíi kìlómítà 5. Irú ìyípadà yìí máa ń yí iye omi tí àwòṣe ń kà nínú odò padà. Wọn kò fi ẹ̀dà tuntun wé ìtàn tí ẹ̀dà àtijọ́ kọ. Wọ́n tún ìtàn odò ṣírò láti ọdún 1979 pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun náà, kó lè jẹ́ pé nígbà tó bá ní omi ọ̀la yóò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òṣùwọ̀n kan náà ló fi wọn méjèèjì.

Ti ẹ̀kẹta ló le jù, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì banú jẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991, ohun ìjà Patriot tí Amẹ́ríkà gbé sí Dhahran ní Saudi Arabia kò lè dá rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ dúró, ọmọ ogun 28 sì kú. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń ka àkókò ní ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, iye yìí kò sì ṣeé kọ tán pátápátá ní ìṣirò oníméjì tí kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 100 tó ti ń ṣiṣẹ́ láìdúró, àṣìṣe náà ti di nǹkan bíi 0.34 ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tó jọ ọ̀rọ̀ wa jù ni èyí: wọ́n ti fi ìlànà ìṣírò àkókò tó péye sí i sínú àwọn ibì kan nínú kóòdù náà, wọn kò sì fi í sí gbogbo ibi tó yẹ. Tẹ́lẹ̀, àṣìṣe kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì ìyọkúrò, wọ́n sì ń pa ara wọn rẹ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, apá kan péye, apá kejì kò péye, ìyàtọ̀ wá jáde.

Nọ́mbà tí kò dúró

Kí ló dé tí ìwákiri yìí fi le nínú sọ́fítíwíà ìṣírò ju nínú sọ́fítíwíà tó ń tẹ rìsíìtì lọ? Rìsíìtì bá àròpọ̀ mu tàbí kò bá a mu. Àwòṣe omi tàbí ojú ọjọ́ ń ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye ìṣírò pẹ̀lú nọ́mbà tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1961, Edward Lorenz ní MIT bẹ̀rẹ̀ àwòṣe ojú ọjọ́ rẹ̀ láti àárín, ó sì tẹ 0.506 síbi tí kọ̀ǹpútà ní 0.506127. Kò pẹ́ tí ojú ọjọ́ méjèèjì fi pínyà tí wọn kò jọra mọ́ rárá.

Ìgékù bẹ́ẹ̀ lè wá láti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Allison Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NCAR fẹ́ mọ̀ bóyá àwòṣe ojú ọjọ́ ayé wọn, CESM, ṣì jẹ́ bákan náà lẹ́yìn àtúnṣe tàbí lórí ẹ̀rọ tuntun, wọn kò béèrè pé kí nọ́mbà bára mu títí dé ìdí. Ní ọdún 2015 wọ́n gbé ọ̀nà mìíràn jáde: wọ́n sáré àwòṣe náà nígbà 151, wọ́n sì ń fi ìyàtọ̀ tó kéré jọjọ yí ìgbóná ìbẹ̀rẹ̀ padà, ìyẹn nǹkan bíi ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún tírílíọ̀nù. Ìyẹn fi hàn wọ́n bí èsì ṣe lè yàtọ̀ tó láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Èsì ẹ̀dà tuntun tó bá bọ́ síta agbègbè yẹn ni wọ́n ń fura sí.

Ọ̀nà náà so èso. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá Mira ní ibùdó Argonne, àwòṣe náà kò yege. Nígbà tí wọ́n tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ Mira ní àṣẹ kan tó ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń gé nọ́mbà lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n pa àṣẹ yẹn, àwòṣe sì yege. Kò sí ìlà kóòdù kan tó yí padà.

Àwọn onímọ̀ epo rọ̀bì ti rí ohun tó jọ ọ́ ṣáájú. Ní ọdún 1994, Les Hatton àti Andy Roberts kó sọ́fítíwíà mẹ́sàn-án tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ wíwo abẹ́ ilẹ̀ nípa ìró jọ, gbogbo wọn ni a fi èdè kọ̀ǹpútà Fortran kọ, wọ́n sì fún wọn ní dátà kan náà àti ìlànà ìṣírò kan náà. Bí kóòdù ṣe ń gùn sí i ni èsì ń jìnnà síra wọn, nǹkan bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ìlà kóòdù 4,000 kọ̀ọ̀kan. Orí irú àwòrán abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń dúró lé kí wọ́n tó pinnu ibi tí wọn yóò gbẹ́.

Dídá ọ̀nà sí méjì

Bí ó bá ti dájú pé àṣìṣe gidi ni, ìwákiri bẹ̀rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ dà bí ti òṣìṣẹ́ tó ń wá ibi tí páìpù omi ti dí láàárín ọ̀nà gígùn: kò ní gbẹ́ gbogbo ọ̀nà, àárín ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́. Bí omi bá ń ṣàn níbẹ̀, iwájú ni ìdíwọ́ wà. Bí kò bá ṣàn, ẹ̀yìn ni. Lẹ́yìn náà ni yóò tún dá ìdajì tó kù sí méjì.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀dà 1,000 wà láàárín èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́. Ìdánwò mẹ́wàá péré ló tó láti dé ibi tí nǹkan ti yí. Ká ní ìdánwò kan ń gba wákàtí mẹ́fà, wákàtí 60 nìyẹn. Ẹni tó bá ń dán ẹ̀dà wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ lè lo wákàtí 6,000, ìyẹn 250 ọjọ́, tọ̀sán-tòru. Níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá ti ń jẹ owó epo, ìyàtọ̀ yìí ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe rárá.

Ilé-iṣẹ́ Cray, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ńlá fún iṣẹ́ ojú ọjọ́ àti ìṣírò, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ètò gidi. Ní ọdún 1997, Brian Ness àti Viet Ngo kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe ń yọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ láti mọ èyí tó ba kọ̀ǹpáílà wọn jẹ́, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Andreas Zeller ní Jámánì gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde. GDB, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà, ti kúrò ní ẹ̀dà 4.16 bọ́ sí 4.17, ìlà 178,000 sì ti yí padà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni DDD, sọ́fítíwíà mìíràn tó gbára lé GDB, kò lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí mọ́. Ètò Zeller dá àtúnṣe náà sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ títí ó fi kan ẹyọ kan ṣoṣo: wọ́n ti yí gbólóhùn àlàyé kan padà, DDD sì ń wá gbólóhùn àtijọ́. Ọ̀nà Zeller tún dára níbi tí àtúnṣe méjì ti jọ fa ìbàjẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì lè fà á fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Linus Torvalds dá Git sílẹ̀ ní ọdún 2005 láti máa tọ́jú kóòdù Linux, àṣẹ tó ń ṣe ìdásí-méjì yìí wọ inú rẹ̀ láìpẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni git bisect. Ẹni tó bá ní kóòdù WRF tàbí ti SWAT+ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lónìí ní irinṣẹ́ náà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kì í ronú fún ẹni. Ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀dà àtijọ́ tó pè ní dáadáa ṣì ń mú èsì rere náà jáde lórí ẹ̀rọ tòní. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè máa wá nínú kóòdù ohun tó jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ó yẹ kó fi nọ́mbà pààlà láàárín rere àti búburú kó tó bẹ̀rẹ̀, bíi kó ní bí gíga omi ní ibì kan bá fi ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán wo àwòrán yóò máa yí ìdájọ́ rẹ̀ padà bó bá ṣe ń rẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀nà, yóò pàdé ẹ̀dà tí kò tilẹ̀ ṣeé kọ́ jọ. Yóò fo ìyẹn, yóò sì dán ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò.

Bí ó bá sì ti rí àtúnṣe tó gbé ìbàjẹ́ wọlé, iṣẹ́ kò tíì parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àtúnṣe náà kò jẹ̀bi. Nínú kóòdù Fortran àtijọ́, ẹnì kan lè gbàgbé láti fún nọ́mbà kan ní iye ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, òdo ló ń bá níbi tí kọ̀ǹpútà fi í sí, gbogbo nǹkan sì ń lọ geere. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fi ìlà kan kún un níbi tí kò kan ọ̀rọ̀ náà, ibi tí nọ́mbà yẹn ń gbé nínú ẹ̀rọ yóò yí padà, yóò bá pàǹtírí níbẹ̀, omi yóò sì gòkè nínú àwòṣe. Ìdásí-méjì yóò nawọ́ sí ẹni tó dé kẹ́yìn. Kíka kóòdù ni a fi ń rí ẹni tó kọ́kọ́ gbàgbé.

Ohun tó wà lẹ́yìn kóòdù

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àṣìṣe pàápàá kì í gba inú kóòdù nìkan wọlé. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì Hawaii rí i pé ètò Python kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, tí ìwé ìwádìí tó lé ní 150 sì ti tọ́ka sí, ń mú èsì mẹ́ta jáde láti ara dátà kan ṣoṣo, láàárín 172.4 àti 173.2, gẹ́gẹ́ bí irú ètò ìṣiṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Kóòdù náà ń retí pé kí fáìlì tò tẹ̀lé ara wọn, Windows àti Linux kì í sì í fìgbà gbogbo tò ó bákan náà.

Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní Netherlands yẹ ẹ̀dà mẹ́ta FreeSurfer wò, sọ́fítíwíà tó ń wọn ọpọlọ nínú àwòrán MRI: 4.3.1, 4.5.0 àti 5.0.0. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ẹ̀dà náà nínú títóbi àwọn apá ọpọlọ tó ìdá 8.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpíndọ́gba. Wọ́n gba àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ẹ̀dà tàbí ẹ̀rọ padà ní àárín ìwádìí.

Ní etí ọ̀sà, dátà gíga ilẹ̀ ni ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí tó lágbára jù. Ọ̀pọ̀ àwòṣe odò ní Nàìjíríà ń lo SRTM, ìwọ̀n gíga tí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Amẹ́ríkà fi rédà gbà ní oṣù kejì ọdún 2000. Rédà náà máa ń ka orí igi àti òrùlé mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí Scott Kulp àti Benjamin Strauss tún dátà náà ṣe, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2019, iye èèyàn àgbáyé tó ń gbé níbi tó rẹlẹ̀ ju ìkún òkun òde òní lọ kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 28, ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 110. Ẹni tó bá yí ẹ̀dà sọ́fítíwíà àti ẹ̀dà dátà gíga ilẹ̀ padà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó gbé omi wọ Májídùn. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni ó gbọ́dọ̀ yí wọn.

Kóòdù tó wà ní gbangba àti èyí tó wà ní títì kò sì rí bákan náà fún ẹni tó ń wá àṣìṣe. HEC-RAS, tí ibùdó Hydrologic Engineering Center ti àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà ní ìlú Davis ń ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, ó sì gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo odò ní Nàìjíríà. Láti ìgbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti jáde ní ọdún 1995, ó ti yí padà gan-an. Ní ẹ̀dà 5.0 ti ọdún 2016 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò omi tó ń tàn ká orí ilẹ̀ ní ìhà méjì. Ṣùgbọ́n kóòdù rẹ̀ kò sí ní gbangba. Aṣàmúlò lè sọ pé láàárín ẹ̀dà báyìí sí ẹ̀dà báyìí ni nǹkan ti bàjẹ́, kò sì lè wọ inú rẹ̀ lọ bá ìlà náà. Ohun tó kù fún un ni kó di ẹ̀rí rẹ̀ jọ dáadáa, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tó kéré jù tó ṣì fi àṣìṣe náà hàn, kó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín.

Ìwé ẹ̀rí tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nílò

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Àwọn ibùdó ńlá ń ṣe bákan náà sí sọ́fítíwíà wọn. ECMWF, ibùdó àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tó wà ní Reading, kì í fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lójijì. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà 41r2 wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2016, tó sọ àwòrán ojú ọjọ́ wọn di ti kìlómítà mẹ́sàn-án, ẹ̀dà méjèèjì ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo àsọtẹ́lẹ̀ wọn sì ti láǹfààní láti fi wọ́n wéra.

Kò sí ohun tó ní kí irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ má ṣeé ṣe ní kékeré lágbègbè wa. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì LASU wà ní Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ní yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ Èkó, LASUSTECH, tí wọ́n sọ di yunifásítì ní ọdún 2022. Yaba College of Technology náà ní ọgbà ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Ìṣòro ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti rí níbi púpọ̀ ní ayé, ni pé iṣẹ́ àwòṣe sábà máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá gboyè jáde, èsì yóò wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n fáìlì, ẹ̀dà àti ìpinnu kéékèèké tó ṣe yóò bá a lọ. Ìwé náà lè sọ pé SWAT2012 ni òun lò, kó má sọ nọ́mbà àtúnṣe rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ tuntun wé e lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò ní rí ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé.

Ohun kan wà tí a lè gbé kalẹ̀ bí òṣùwọ̀n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọyán, pẹ̀lú òjò, bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò tó yí i ká. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn ìdílé tí omi lé jáde lọ sí àgọ́ ní Agbówà, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ó ṣẹlẹ̀, ó ní ọjọ́, ó ní ibi, àwọn tó rí i sì ṣì wà láàyè. Bí a bá kó iye òjò ọjọ́ wọ̀nyẹn jọ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìtúsílẹ̀ omi dáàmù, dátà gíga ilẹ̀ kan tí a kò ní yí padà, àti ibi tí omi kan lára ògiri gẹ́gẹ́ bí àwọn onílé ṣe lè tọ́ka sí i, a ti ní ìdánwò tí ẹ̀dà sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá sọ pé Ajégúnlẹ̀ gbẹ ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, gbogbo ẹni tó ń lò ó yóò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, wọn yóò sì mọ ẹ̀dà tó dára kẹ́yìn.

Ibi ìpamọ́ wà. Zenodo, tí ibùdó CERN bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ń gba dátà àti kóòdù lọ́wọ́ olùwádìí láìgba owó, ó sì ń fún un ní nọ́mbà tí kò ní yí padà. Software Heritage, tí ibùdó Inria ní ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, ń tọ́jú kóòdù gbangba gbogbo ayé pẹ̀lú ìtàn àtúnṣe wọn. Láti ọdún 2019 ni ìwé ìròyìn ReScience C ti pe àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níjà pé kí wọ́n gbìyànjú láti tún kóòdù wọn tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá sáré. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ yẹ fún àwọn olùkọ́ tó ti ń kọ́ ìmọ̀ omi ní ìpínlẹ̀ Èkó láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tó kù láti fẹnu kò lé lórí ni ẹni tí yóò mú un ṣe. Ọwọ́ aláṣẹ odò Ògùn òun Ọ̀ṣun, tó ń darí dáàmù Ọyán, ni àkọsílẹ̀ ìtúsílẹ̀ omi wà. NIHSA ló ń wọn odò. Àwọn yunifásítì ló ní akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè kó gbogbo rẹ̀ jọ fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tó rọrùn jù ni kí ọgbà Ẹ̀pẹ́ àti ti Ìkòròdú jọ tọ́jú fáìlì ìdánwò ọdún 2010 náà ní ibi méjì, kí wọ́n sì sọ ọ́ di àṣà pé iṣẹ́ àṣejáde kankan lórí àwòṣe odò kò ní wọlé láìní nọ́mbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà rẹ̀, ẹ̀dà dátà rẹ̀, àti èsì tó mú jáde lórí ìdánwò náà.